Orúkọ Tí Ó Wà Nínú Ìwé: Ẹ̀kọ́ Lórí Fíforúkọ Sílẹ̀ fún Kọ́ọ̀sì àti Yíyọ Ara Ẹni Kúrò

Kíkà: Lúùkù 14:28–32, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 12:12, 13:13, 15:36–40, 2 Tímótì 4:11

Ìbànújẹ́ kan wà tí àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run máa ń bá pàdé ní àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Òbí ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti san owó ọkọ̀, ìyá àgbà ti ti abúlé dé, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ kò sí nínú ìwé àwọn tí yóò gba oyè. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò lọ sí yunifásítì. Ó lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi lọ. Nígbà tí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a sábà máa ń rí i pé láti orí kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó forúkọ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ náà le jù fún un, ó dẹ́kun lílọ sí kíláàsì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ó ń lọ sí kíláàsì déédéé, ó tilẹ̀ ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò forúkọ sílẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí a ó kọ máàkì rẹ̀ sí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn òbí, ọ̀rọ̀ yìí ni a yàn. Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Olúwa wa ń bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa títẹ̀ lé Òun, ọ̀rọ̀ iye owó, iye ọmọ ogun àti ìgbà tí ó yẹ kí a ránṣẹ́ ni Ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kò fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Púpọ̀ nínú àwa òbí ni ó ń fi ojú ìgbà tiwa wo yunifásítì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ìparí ìwé kẹta ni a máa ń yan ẹ̀kọ́ tí a ó gbé dé ìdánwò àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, olùkọ́ àti bàbá ẹni ni ó sì sábà máa ń yàn án fún ni. Ẹni tí ó bá ja Físíìsì sílẹ̀ ti jà á sílẹ̀ nìyẹn. Ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, tí oyè rẹ̀ sì ń ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù wá, a ti la ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò ńlá ni ó sì ń sọ ibi tí ó dé. Yunifásítì ti Nsukka, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1960, ni ó gbé ìlànà ti Amẹ́ríkà wọlé, èyí tí a fi ń ka ẹ̀kọ́ ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù kọ́ọ̀sì sì ní ìwọ̀n yúníìtì tirẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìlànà yúníìtì yìí tàn dé àwọn yunifásítì wa yòókù.

Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ọmọ yín ń bá yunifásítì dá májẹ̀mú tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò to kọ́ọ̀sì tí yóò ṣe sórí pọ́tàlì, tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, tí yóò sì gbé e lọ fún olùdámọ̀ràn kọ́ọ̀sì àti olórí ẹ̀ka láti fi ọwọ́ sí i. Ìlànà tí àjọ NUC gbé kalẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dín ní yúníìtì 15, kí ó má sì ju 24 lọ ní sáà kan. Lẹ́yìn èyí, yunifásítì a máa fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n fi lè fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Fọ́ọ̀mù wà fún un, ìbuwọ́lù sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà bá kọjá, ìwé ti pa dé. Kọ́ọ̀sì tí ó bá kù nínú àtòkọ ọmọ náà di ohun tí yóò jíhìn fún, ìbáà lọ sí kíláàsì, ìbáà má lọ. Bí kò bá sì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì tí ó wà níbẹ̀, a lè má jẹ́ kí ó jókòó fún ìdánwò rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere. Ọmọbìnrin kan forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì 6, yúníìtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Ó gba B nínú 5. Ní àwọn yunifásítì tí ń lo òṣùwọ̀n 5, ojúàmì 4 ni B. Ìkẹfà ni kò lọ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Kò ṣe ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì fún un ní F, èyí tí í ṣe òdo. Ojúàmì rẹ̀ jẹ́ 60, a ó pín in sí ọ̀nà 18, yóò fún wa ní 3.33. Bí ó bá ti fi fọ́ọ̀mù yọ kọ́ọ̀sì kẹfà yìí kúrò lásìkò, 60 náà ni ìbá ní, ṣùgbọ́n 15 ni à bá fi pín in, ìbá sì jẹ́ 4.00. Ní òṣùwọ̀n yìí, 3.50 ni ààlà tí ó wà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ìpele kejì. Ọmọ kan náà ni, iṣẹ́ tí ó ṣe kò sì yàtọ̀. Bí kọ́ọ̀sì náà bá sì jẹ́ dandan, yóò padà ṣe é, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kárí-ófà, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì òdo àkọ́kọ́ yẹn kò sì ní kúrò nínú ìṣirò.

Ẹ wá wo Lúùkù orí 14. Òwe méjì ni Olúwa pa níbẹ̀. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀: kí ọmọ jókòó kí ó tó forúkọ sílẹ̀, kí ó ka agbára rẹ̀, kí ó má ṣe to yúníìtì 24 jọ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ to 24. Èkejì ni a sábà máa ń fò dá. Ọba kan ní ọmọ ogun 10,000, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú 20,000. Ọba àkọ́kọ́ jókòó, ó rò ó, ó rí i pé apá òun kò ká a. Kí ni ó ṣe? Ó rán ikọ̀ lọ béèrè àlàáfíà nígbà tí ọ̀tá ṣì wà lọ́nà jíjìn. Ẹ kíyè sí i pé Olúwa kò pe ọba yìí ní ojo. Ọlọ́gbọ́n ni Ó fi í ṣe. Ohun tí ó sì sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n ni àsìkò tí ó ránṣẹ́. Bí ó bá dúró títí ọ̀tá fi dé ẹnubodè, ẹsẹ̀ kan náà tí ikọ̀ rẹ̀ ìbá gbé kò níí wúlò mọ́. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé akíkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí yunifásítì fi sílẹ̀ fún yíyọ kọ́ọ̀sì kúrò ni ìgbà tí ọ̀tá ṣì wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tí ó bá lò ó kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò sọ pé a ń kọ́ ọmọ ní ọ̀lẹ. Rárá o. Kọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ dandan, tí kọ́ọ̀sì ọdún tí ń bọ̀ dúró lé lórí, kò ṣeé sá fún. Bí ọmọ bá yọ ọ́ kúrò lónìí, yóò bá a níwájú, bóyá ní sáà tí ẹrù mìíràn ti wà lórí rẹ̀. Kọ́ọ̀sì àṣàyàn ni a lè fi òmìíràn rọ́pò láìní wàhálà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọ bá olùdámọ̀ràn rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. (Àwọn olùdámọ̀ràn kan wà tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé láìgbójú sókè wo ọmọ. Bí ọmọ bá bọ́ sí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó wá àgbà olùkọ́ mìíràn ní ẹ̀ka rẹ̀.)

Ohun tí ó ń ba ọmọ jẹ́ ni ìpalọ́lọ́. Nínú Mátíù 21, Olúwa sọ̀rọ̀ ọmọ kan tí ó dá baba rẹ̀ lóhùn pé òun ń lọ sí ọgbà àjàrà, tí kò sì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí kò sí ní kíláàsì, ọmọ yìí gan-an ni. Kí ló dé tí kò lè sọ pé òun kò lọ mọ́? Lójú tiwa, ẹ̀rù ilé ni ó ń bà á ju ẹ̀rù yunifásítì lọ. Ó rántí ilẹ̀ tí a tà, ó rántí àjọ tí ìyá rẹ̀ kó, ó rántí bí a ti ń pè é ní dókítà láti ìgbà tí ó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wá rí i pé irọ́ rọrùn ju òtítọ́ lọ.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí a ti wo Jòhánù tí àpèlé rẹ̀ ń jẹ́ Máàkù. Ó bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ sí ìrìn àjò iṣẹ́ ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Pẹ́gà ní Panfílíà, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó sì padà sí Jerúsálẹ́mù. Lúùkù kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Nígbà tí ìrìn àjò kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní mú ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti Bánábà fi pínyà. A kò dá Pọ́ọ̀lù lẹ́bi o. Iṣẹ́ ní òfin tirẹ̀, yunifásítì náà sì ní òfin tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè retí pé kí akọ̀wé àgbà yunifásítì máa fi ìyọ́nú pa ìwé èsì ìdánwò rẹ́. Ṣùgbọ́n Máàkù ní ohun méjì tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò ní. Àkọ́kọ́, ó ní ilé tí ó lè padà sí: ilé Màríà ìyá rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí ìjọ ti máa ń péjọ gbàdúrà. Èkejì, ó ní Bánábà ìbátan rẹ̀, tí ó mú un lọ́wọ́ lọ sí Kípírù láti tún bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀wé sí Tímótì lẹ́yìn náà pé kí ó mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun.

Ipò Bánábà ni ó tọ́ sí òbí. Pọ́ọ̀lù ti wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Kò yẹ kí òmíràn tún wà nílé. A sì ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kí ẹ jẹ́ Bánábà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó bá wà lọ́dọ̀ yín.

Fún àwọn ẹgbẹ́ wa tí ọmọ wọn ń kàwé ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀gún mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá yọ kọ́ọ̀sì kúrò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí èkejì kì í sábà ní àmì kankan nínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà W ni wọn yóò kọ síbẹ̀. W kì í ṣe F, kì í sì í wọ inú ìṣirò ojúàmì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi ìwé àṣẹ F-1 wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n kírédíìtì 12 ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan bí ó bá ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́. Bí ó bá já wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó àwọn àjèjì ní yunifásítì náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbé ìlú náà lè bọ́. Ẹni tí ó sì ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, tí ó fi gbogbo kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí sáà tó dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò rí i pé apá kan nínú owó náà yóò padà. Ní Bìrìtìkó, yunifásítì ní láti jẹ́ kí ìjọba mọ̀ bí ọmọ tí ó gba ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ lórúkọ rẹ̀ bá ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí àìsàn, oyún, ọ̀fọ̀ tàbí àìrí owó san. Àyè wà fún èyí ní àwọn yunifásítì wa, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ kàn kó ẹrù rẹ̀ wá sílé. Kí ó kọ lẹ́tà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gbà á láti ọwọ́ olórí ẹ̀ka àti ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ńlá lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, kí ó fi ìwé dókítà tì í bí àìsàn bá ni. Kí ó dúró gba èsì tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá da kàlẹ́ńdà rú, kí òun tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé máa wo pátákó ìkéde, nítorí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ sì bá a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi padà wọlé.