ÌBÀNÚJẸ́, ÌDÁJỌ́ ÒDODO ÀTI ÌRÈTÍ: Ẹ̀kọ́ Lára Àlùfáà Arúgbó Méjì

Ibi tí a ó kà: 2 Sámúẹ́lì 18:24–33, Míkà 6:6–8, Róòmù 12:9–21.

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tí a rẹ́ jẹ lè sunkún, ó sì yẹ kí ó sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ìkórìíra sí ilé ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí àlùfáà arúgbó méjì. Ọ̀kan jẹ́ ẹni inú ìtàn àròsọ. Èkejì jẹ́ ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Lọ́kọ́jà yìí, tí Odò Ọya sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ gbé e bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹni ìṣáájú ni Stephen Kumalo. Alan Paton, òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tí a ń pè ní Cry, the Beloved Country. Ìwé náà jáde ní ọdún 1948. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó sọ ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun di òfin gba ìjọba níbẹ̀, ó sì di ọdún 1994 kí dúdú àti funfun tó jọ dìbò pọ̀ láti yan ìjọba kan. Ẹni kejì ni Samuel Ajayi Crowther, Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ láàrín àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn sí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹkún kan náà ni wọ́n sun, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wa.

ÈKÍNÍ: ÌBÀNÚJẸ́

Nínú ìwé Paton, abúlé kan tí à ń pè ní Ndotsheni ni Kumalo ti ń ṣe àlùfáà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, àgbàdo kò so dáadáa mọ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá Johannesburg. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Absalom, lọ, kò sì padà. Bàbá náà kó ìwọ̀nba owó tí ó ní jọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń wá ọmọ rẹ̀ láti ilé dé ilé. Nígbà tí ó rí i, inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti rí i: Absalom ti fi ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan nígbà tí ó lọ jalè ní ilé rẹ̀. Ẹni tí ó pa ni Arthur Jarvis, ẹni tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Bàbá òkú náà, James Jarvis, jẹ́ àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní òkè Ndotsheni gan-an. Bàbá méjì, aládùúgbò ara wọn, pàdánù ọmọ kan ṣoṣo wọn nínú ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mọ ẹkún Dáfídì lórí Ábúsálómù yóò mọ ìdí tí òǹkọ̀wé fi fún ọmọ náà ní orúkọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ilé. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí a sì gbé e lọ sí Freetown. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni a yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, a sì fi iṣẹ́ Odò Ọya lé e lọ́wọ́. Lọ́kọ́jà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibùdó iṣẹ́ náà. Títí di òní, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity ní ìlú yìí ń rán wa létí rẹ̀, àwọn irin méjì tí ó dúró níbẹ̀, tí a ń pè ní Irin Òmìnira, sì ń sàmì sí ibi tí a ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Ẹni tí a ti dè lọ́rùn rí ni ó wá ń wàásù ìdásílẹ̀ ní bèbè odò wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó darúgbó, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà tí ó rán Bíṣọ́ọ̀bù ni ó rán wọn. Àwọn bí Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùjókòó. Wọ́n wo iṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ṣe, wọ́n sì sọ pé kò dára tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná iṣẹ́ Odò Ọya pàdé ní Onitsha. Lójú Bíṣọ́ọ̀bù ni a ti dá àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ dúró, ọ̀kan nínú wọn sì ni Dandeson Crowther, ọmọ bíbí inú rẹ̀, tí í ṣe Archdeacon. Bàbá arúgbó náà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ẹ ṣe àkíyèsí èyí, ará: Bíbélì kò sọ pé kí ẹni tí a pa lára máa rẹ́rìn-ín. Dáfídì sunkún. Olúwa wa sunkún. Ẹkún kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ohun tí a bá fi ẹkún náà ṣe ni ó ń fi ìgbàgbọ́ ẹni hàn.

ÈKEJÌ: ÌDÁJỌ́ ÒDODO

Nígbà tí ẹjọ́ Absalom dé ilé ẹjọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ lọ sọ pé àwọn kò sí níbẹ̀. A sì dá wọn sílẹ̀. Absalom sọ òtítọ́. Òun ni a dá ikú fún. Kumalo kò purọ́ fún ọmọ rẹ̀, kò pe ẹ̀bi ní àre. Síbẹ̀ ìwé náà kò jẹ́ kí á gbàgbé ẹ̀bi mìíràn tí kò dé iwájú adájọ́: òfin tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó sì kó wọn há sí ibi tóóró, iṣẹ́ kùsà tí ó kó ọkùnrin kúrò lọ́dọ̀ aya àti ọmọ. Jarvis pẹ̀lú jókòó sínú yàrá ọmọ rẹ̀ tí ó kú, ó ka ìwé tí ọmọ náà ń kọ lọ́wọ́, ó sì rí ohun tí ojú òun kò rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bí ọ̀ràn Odò Ọya ṣe rí náà nìyẹn. Ó yẹ kí á sọ gbogbo rẹ̀, nítorí òtítọ́ aláàbọ̀ kì í ṣe òtítọ́. Àwọn kan nínú òjíṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ṣe ohun tí kò tọ́. Àwọn mìíràn gbájú mọ́ òwò ju ìwàásù lọ. Ibùdó jìn sí ibùdó, ọkọ̀ kò sì fi gbogbo ìgbà sí. Agbára Bíṣọ́ọ̀bù kò ká láti máa ṣọ́ gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó náà kò sì wá jayé: Robinson kú ní Lọ́kọ́jà níbí ní 1891, Brooke sì kú níbí ní 1892.

Níbo wá ni àìṣòdodo wà? Ó wà níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn díẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ àwọ̀. Wọn kò sọ pé lágbájá ṣẹ̀, kí á bá a wí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aláwọ̀ dúdú kò tíì lè ṣe alákòóso. Ó wà níbi tí a ti gba àhesọ gbọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹni tí a fi sùn. Àwọn àgbà wa sì wí pé agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn.

Crowther kò fi ìbàjẹ́ san ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ìjọ ẹsẹ̀ odò ní Bonny àti Brass dúró tì í, wọ́n sì dá dúró kúrò lábẹ́ C.M.S., wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ iṣẹ́ wọn. Ní Èkó, Àlùfáà James Johnson kò panu mọ́. Ní 1891 àwọn mìíràn níbẹ̀ dá United Native African Church sílẹ̀. Ọ̀nà wọn kò papọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò pé ohun tí a ṣe kò tọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ìyàsímímọ́ Crowther pé àádọ́jọ ọdún, Justin Welby tí í ṣe Archbishop Canterbury nígbà náà tọrọ àforíjì ní gbangba nínú ìjọ ńlá Canterbury kan náà. Ó gba ọdún 124. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Nígbà mìíràn, ọ̀nà a máa jìn ju ogún ọdún lọ.

ẸKẸTA: ÌRÈTÍ

Kí ni ìrètí? Kì í ṣe pé ohun gbogbo yóò dára lọ́la. Kumalo kò rí ọmọ rẹ̀ gbà padà. Ní òru tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́ bá ikú Absalom, ó gun orí òkè lọ, ó gbàdúrà títí ojúmọ́ fi mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, Jarvis ti ń fi wàrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ abúlé. Ó ti mú ẹni tí yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ oko wá. Ètò ìsédò sì ti bẹ̀rẹ̀ kí omi lè wà fún ẹran ọ̀sìn. Bàbá ẹni tí a pa ń bọ́ ọmọ abúlé ẹni tí ó pa á. Ìrètí nìyẹn: iṣẹ́ tí à ń ṣe nígbà tí omijé kò tíì gbẹ.

Crowther sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, kò sì rí ìdáláre. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀, ó sì di 1952 kí A. B. Akinyele tó di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, tí ọmọ ilẹ̀ wa tún jókòó lórí àga Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní àgbègbè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ Ìsinmi. Bíbélì Yorùbá, tí ó ṣe olórí àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀, parí ní 1884. Ìwé Róòmù tí a kà lónìí ti jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní 1850. Ogójì ọdún ṣáájú Onitsha ni ó ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àṣẹ Pọ́ọ̀lù pé kí á má ṣe fi búburú san búburú. Nígbà tí ìdánwò dé, ohun tí ó ti túmọ̀ fún ẹlòmíràn ni ó di ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rù.

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA TI OLD MARKET

Ó rọrùn láti bá Crowther sunkún, kí á sì dìde lọ sílé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Paton, àlùfáà kan, Msimangu, ń bẹ̀rù ohun kan: kí ó má jẹ́ pé ní ọjọ́ tí òyìnbó bá yí padà sí ìfẹ́, ìkórìíra ni yóò bá lọ́wọ́ dúdú. Ẹni tí a yà sọ́tọ̀ lánàá lè di ẹni tí ń yà ẹlòmíràn sọ́tọ̀ lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe ìsìn Yorùbá níhìn-ín jẹ́ ẹni tí òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba gbé wá. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe, Ebira, Ígálà àti Bassa ni ará ilẹ̀ àti aládùúgbò wa. Wọ́n fi àyè ìsọ̀ àti àyè ìjọsìn gbà wá. Àwọn òjíṣẹ́ tí Crowther kó wá láti Sierra Leone jẹ́ àlejò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọ́ èdè àwọn tí wọ́n ń wàásù fún. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀: ìwé gírámà Nupe tí ó kọ jáde ní 1864. Mélòó nínú wa ni ó lè kí oníbàárà rẹ̀ ní Nupe? Àwa a máa pe àwọn kan ní Ígbìrà, nígbà tí Ebira jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Bí alárù kan bá sọ ẹrù nù, ṣé òun ni a ń bú, tàbí ẹ̀yà rẹ̀? Bí ọmọ wa bá sì mú ọmọ Bassa tàbí Ígálà wálé pé òun ni òun fẹ́ fẹ́, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ń jáde lẹ́nu wa?

Nígbà tí odò kún ní 2012, tí ó sì tún kún ní 2022, tí omi bo ilé àti ọ̀nà ní Ganaja, omi kò béèrè èdè tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Kò yẹ kí ìfẹ́ wa náà béèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín ẹkún Dáfídì lórí Ábúsálómù àti ìráhùn ẹni tí kò ní ìrètí?
2. Ọ̀nà wo ni a lè gbà bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wí láì fi ẹ̀bi rẹ̀ kan ẹ̀yà tàbí ìdílé rẹ̀?
3. Crowther yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ìjọ. Ìgbà wo ni ó tọ́ kí Kristẹni yọ ara rẹ̀, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí ó dúró?
4. Kí olúkúlùkù dárúkọ aládùúgbò kan tí kì í ṣe ará èdè rẹ̀, kí ó sì sọ oore kan tí yóò ṣe fún un kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

ÀDÚRÀ: Olúwa, gba ẹkún wa, má ṣe jẹ́ kí ó di oró nínú wa. Fún wa ní ẹnu láti sọ òtítọ́, àti ọwọ́ láti ṣe rere ní ìlú tí O mú wa wá. Nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.