Ẹ Wádìí Ohùn Náà Wò: Ẹ̀kọ́ Lórí Òótọ́ àti Ayédèrú Tí Ó Ń Gba Orí Fóònù Wọlé

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kà lójú ewé yìí kì í ṣe ti ìtàn ìdásílẹ̀; àwọn mìíràn ti kọ èyíinì sí ojú ewé tiwọn. Ọ̀rọ̀ fóònù tí ó wà lápò olúkúlùkù wa ni. Owó ń ti ibẹ̀ lọ, oògùn ayédèrú ń ti ibẹ̀ wọlé, orúkọ rere ènìyàn ń ti ibẹ̀ bàjẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa ni wọ́n sì gbà pé ohun tí ojú bá ti rí, tí etí sì ti gbọ́, àríyànjiyàn ti tán lórí rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ísáákì. Ojú bàbá ti ṣú. Ọmọ kan wọlé, ó ní òun ni àkọ́bí. Etí bàbá fura sí ohùn náà, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bà á, ó kan irun. Ó gbóòórùn aṣọ, ó jọ òórùn oko. Ó jẹ ẹran, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bá súre. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: Ísáákì kò gọ̀. Ó wádìí, àní ó wádìí ju bí púpọ̀ nínú wa ti í ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ tàn án jẹ ni gbogbo ohun tí ó fi wádìí ti wá: awọ ewúrẹ́ ni, aṣọ àyálò ni, ẹran inú agbo ilé ni. Kò rán ẹnikẹ́ni jáde kí ó lọ wò ó bóyá Ésáù ṣì wà lóko ọdẹ. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ń lọ nìyẹn.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ AI?

AI ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Àwọn akọ̀wé wa ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Kì í ṣe ẹ̀mí, kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n kó fọ́tò, ohùn àti ìwé tí kò lóǹkà fún un, ó ń wo bí ọ̀kan ti ń tẹ̀lé èkejì nínú wọn, títí òun náà fi lè ṣe irú wọn jáde. Ẹ wo ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ tí ó ti wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá: ó lè rán agbádá tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí, a ó sì rò pé ọ̀gá ló rán an. Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Jíjọ yìí gan-an ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. ChatGPT, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní November 30, 2022, ń ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ léèrè ẹsẹ Bíbélì, ó lè fún yín ní orí àti ẹsẹ tí kò sí níbì kankan, kò sì ní kólòlò. Ẹ ṣí Bíbélì tiyín wò, ẹ̀yin oníwàásù!

Ní March 2023, fọ́tò Póòpù Francis nínú kóòtù funfun ńlá kan tí ó wú bí ìrọ̀rí káàkiri ayé. Ó yẹ bàbá náà. Ṣùgbọ́n kò sí kóòtù, kò sí ayàwòrán. Ẹnìkan ló fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Midjourney ṣe é. Èyíinì jẹ́ ti ẹ̀rín. Ti ohùn ló le jù. Ní January 2023, ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tí ó lè fara wé ohùn ènìyàn bí ó bá ti gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré. Ẹ ronú sí i: ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ níwájú Ìjọ tí a gbé sórí Facebook, fídíò ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbohùn sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti àwọn ìyá, gbogbo rẹ̀ ló ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ SÍ

Ní 2019, ìròyìn jáde nípa ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pè é lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn ọ̀gá àgbà rẹ̀ tí ó wà ní Jámánì, títí kan bí ọkùnrin náà ti ń fi èdè Jámánì gbé Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí ó san owó kíákíá. Ó san 220,000 yúrò. Nígbà tí wọ́n tún pè pé kí ó san òmíràn, ó rí i pé nọ́ńbà Austria ni wọ́n fi pè, kì í ṣe ti Jámánì, ara bá fu ú, kò san mọ́. Ẹ ò rí i? Etí rẹ̀ kò gbà á là. Nọ́ńbà ló gbà á là, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn o.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó ti ilé-iṣẹ́ Arup, ilé-iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba lẹ́tà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ó san owó kan ní ìkọ̀kọ̀. Ó fura. Wọ́n bá pè é sí ìpàdé orí fídíò. Ó wọlé, ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀ dáadáa, ó gbọ́ ohùn wọn. Ìfura rẹ̀ bá fò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó san owó, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 200 dọ́là ti Hong Kong, èyí tí í ṣe bí i mílíọ̀nù 25 dọ́là ti Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ó tó kàn sí orílé-iṣẹ́ wọn ni àṣírí tú: gbogbo ojú tí ó rí nínú ìpàdé náà, ẹ̀rọ ló ṣe wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé kí ó tó sanwó ni ó tẹ orílé-iṣẹ́ láago, ìtàn náà ì bá má sí. Ohun tí ó ṣe Ísáákì ló ṣe é: ìfura àkọ́kọ́ tọ̀nà, ohun tí ayédèrú fi lé e lọ́wọ́ ló fi pa ìfura náà.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni. Ní April 2025, ohun tí wọ́n ń pè ní CBEX wó lulẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí nílẹ̀ Nàìjíríà. Ìlérí wọn ni pé ẹ̀rọ AI ni yóò máa bá ènìyàn ṣòwò, tí owó yóò fi di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn ṣí àkáǹtì wọn, wọn kò bá kọ́bọ̀. Ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, inú bí àwọn kan títí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì, wọ́n kó àga, wọ́n kó tábìlì. Níbi báyìí, orúkọ AI gan-an ni wọ́n fi ṣe ìjẹ. Bákan náà ni àwọn fídíò kan wà tí wọ́n gbé ojú àwọn olùka ìròyìn tẹlifíṣọ̀n wa wọ̀, tí ẹnu wọn ń polówó oògùn tí yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá. Àwọn olùka ìròyìn náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá torí rẹ̀ pa oògùn tí dókítà fún un tì, kì í ṣe owó nìkan ni yóò pàdánù.

Síbẹ̀, kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ní August 2014, nígbà àìsàn Ebola, ta ló gbọ́ orúkọ AI? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló gba ìlú kan pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn jí ara wọn láàárín òru nítorí ìfẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé jáde sọ pé irọ́ ni, pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nípa omi iyọ̀ yẹn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fi í ránṣẹ́ o.

Apá kejì rẹ̀ wà tí a kì í sábà sọ. Bí ayédèrú ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rọrùn láti pe òótọ́ ní ayédèrú. Ẹ rántí ariwo tí ó gba orílẹ̀-èdè yìí pé Olóògbé Muhammadu Buhari, tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, ti kú, pé ará Sudan kan tí ó ń jẹ́ Jibril ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ní December 2018, ní Poland, ọkùnrin náà ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà pé òun gan-an ni. Lónìí, ẹni tí wọ́n bá ká ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu yóò kàn ní, “AI ni.” Nítorí náà kì í ṣe pé kí a má gba ohunkóhun gbọ́ mọ́. Ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́, wọ́n ti tan òun náà jẹ.

BÍ A TI Í WÁDÌÍ

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé kí a ka ìka ọwọ́ inú fọ́tò, pé AI a máa fi ìka mẹ́fà sí i, tàbí kí a wo lẹ́tà tí ó wà lára bánà bóyá ó dá ṣáká. Ó wúlò díẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀rọ ti ń gbọ́n sí i. Bí ìka bá pé márùn-ún, èyíinì kò sọ fọ́tò di òótọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ kò lè sọ Yorùbá, pé yóò pe ọkọ́ ní ọkọ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣi ohùn gbé, a máa sọ̀rọ̀ bí àlejò tí ó kọ́ èdè wa nínú ìwé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ó bá fi èyí ṣe odi ààbò, odi rẹ̀ kò ní pẹ́ wó.

Ohun tí ó dúró ṣinṣin ni kí a jáde kúrò nínú ohun tí wọ́n fi rán sí wa, kí a lọ bèèrè níbòmíràn. Bí ọmọ yín bá pè láti London, tí ó ń sunkún pé ọlọ́pàá mú òun, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì báyìí, ẹ pa fóònù náà. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní bínú títí. Ẹ wá fi nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tipẹ́ pè é padà, tàbí kí ẹ pe ìyàwó rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bi ẹni tí ń pè ní ohun tí kò sí lórí Facebook: orúkọ ìnagijẹ wo ni màmá àgbà máa ń pè ọ́? Oríkì dára, ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ oríkì ọmọ sí abẹ́ fọ́tò lọ́jọ́ ìbí, kì í ṣe àṣírí mọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì sì wà tí àwọn oníjìbìtì kì í fi sílẹ̀: “kíákíá” àti “má sọ fún ẹnikẹ́ni”. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ sọ fún ẹlòmíràn kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n owó tí ó bá ti kúrò ní báǹkì kì í dúró de ọjọ́ náà.

Ní ti fọ́tò, púpọ̀ nínú ayédèrú kì í ṣe ti AI rárá. Fọ́tò gidi ti ọdún pípẹ́ ni, tí wọ́n fún ní orúkọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ilé fi Google Lens tàbí TinEye wá ibi tí ó ti kọ́kọ́ jáde. Lórí WhatsApp, bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lókè ọ̀rọ̀, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún kọjá, ó kéré tán. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ni ó kọ ọ́. Dubawa àti Africa Check ń wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, àlẹ́ẹ̀tì tí ó wọ fóònù kì í ṣe owó. Ẹ wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì gan-an kí ọjà tó kúrò lórí igbá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí ẹ jọ̀wọ́ kà á fún òun, kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín ni ó ń tọrọ. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ yín ni yóò fi máa yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹni tí ó bá ti kó sí i, kí ó má jẹ́ kí ìtìjú dá a dúró. Kí ó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó pe ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà kí ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ó sì sọ fún Ìjọ kí ẹlòmíràn má bàa bọ́ sínú ihò kan náà.

A ń rọ gbogbo ẹgbẹ́ àti akápò wọn: bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé pé nọ́ńbà àkáǹtì ìkọ́lé ti yí padà, ìbáà jẹ́ ohùn Bàbá Olùṣọ́àgùntàn ni ó sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sanwó títí a ó fi kéde rẹ̀ nínú ìsìn. Kí àwọn ọmọ tí ó wálé fún àjọ̀dún yìí jókòó ti àwọn òbí wọn kí wọ́n tó padà, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan tí ilé yóò máa fi dá ara wọn mọ̀. Ẹnu sí etí ni kí wọ́n ti sọ ọ́, nínú yàrá, kí wọ́n má kọ ọ́ sínú fóònù. Bí wọ́n bá sì ti lò ó lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n yan òmíràn nígbà tí wọ́n bá tún fojú kan ara wọn.