Igi Ìran Kòkòrò Àrùn: Ta Ló Kó Ibà Lassa Wọlé?



Bí ibà Lassa bá mú ẹnì kan ládùúgbò, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Ta ló kó o ràn án?" Ìbéèrè yìí ló ń mú kí àwọn kan máa sá fún odidi ìdílé, kí àwọn mìíràn sì fi aláìsàn wọn pamọ́. Igi ìran kòkòrò àrùn lè dá wa lóhùn.

Àbùdá kòkòrò yìí dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ. Bó ṣe ń bí sí i, ó ń da ìwé náà kọ, lẹ́tà díẹ̀ a sì máa yí padà. Àwọn tí ìyípadà wọn bá jọra, ẹ̀ka kan náà la ń fi wọ́n sí. Bí àrùn bá ń ti ara ènìyàn kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, ewé wọn yóò ṣùpọ̀ sórí ẹ̀ka kékeré kan. Bó bá jẹ́ pé eku ló kó o bá oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ewé wọn yóò fọ́n ká orí igi.

Ní ọdún 2018, ibà Lassa gbilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi. Àwọn onímọ̀ ka àbùdá kòkòrò náà ní ilé ìwòsàn ńlá Irrua ní Ẹdó: 36 ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ó wá di 120. Ewé wọn fọ́n ká, ó sì dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá. Eku ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe aládùúgbò.

Igi kékeré nìyẹn. Ti àrùn Kòrónà ní ewé tó ju mílíọ̀nù 10 lọ. Bí a bá fún ewé kọ̀ọ̀kan ní mílímítà kan, ìwé tí a ó yà á sí yóò gùn tó kìlómítà 10! Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wò ó: wọ́n á kọ́kọ́ wo gbogbo igi láti òkèèrè, wọ́n á fi àwọ̀ ya ìlú tàbí ọdún sọ́tọ̀, wọ́n á wá sún mọ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń wá. Láti òkèèrè, ewé tó jìnnà síra a máa dà bíi pé wọ́n so pọ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ ṣèdájọ́ lè parọ́ mọ́ aláìṣẹ̀.

Kí ni ká wá ṣe ní Agbabu?
- Ẹ má ṣe sá láfún tàbí gààrí síbi tí eku ti lè tọ̀ sí i.
- Ẹ bo oúnjẹ àti omi lálẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti pa á láṣẹ.
- Ẹ dí ihò eku, ẹ má sì jẹ eku.
- Ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀ aláìsàn náà lè ran ènìyàn: ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kàn án. Bó bá kú, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó wẹ òkú náà.
- Ibà tí kò bá gbọ́ oògùn ibà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ń tọ́jú ibà Lassa ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ilé gbogbo wa. Àmín.