Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: IṢẸ́ ÌGBÌMỌ̀ KÌ Í ṢE OYÈ JÍJẸ

Ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀, níbẹ̀ ni a ó sì ti yan ìgbìmọ̀ tuntun. Ìdí nìyí tí a fi ya ẹ̀kọ́ oṣù yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn tí a ń yàn: kí ni iṣẹ́ wọn, kí ni kì í ṣe iṣẹ́ wọn, báwo sì ni àwa tí a yàn wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí a bá fẹ́ yan ìgbìmọ̀, ta ni a sábà máa ń wò? A máa ń wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, ẹni tí ó máa ń náwó fún wa níbi ìnáwó, tàbí ẹni tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá yìí ti ṣe wàhálà fún ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣe alága." Kò burú. Ṣùgbọ́n àpọ́nlé nìyẹn. Ẹni tí a bá fẹ́ pọ́n lé, ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe bàbá ẹgbẹ́, kí a fún un ní ìjókòó iwájú, kí a sì máa kí i tìyẹ́tìyẹ́. Ìgbìmọ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí owó gbogbo wa ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kà á.

A fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín, ìtàn àwọn tí a ti kọ́ ọ̀rọ̀ àjẹṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, ṣí ilé ìtajà kékeré kan. Pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tu jọ kí wọ́n tó rí owó tó. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, oúnjẹ ọkà àti àbẹ́là ni ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni àwa náà ń lò títí di òní: ẹnì kan, ìbò kan, bí owó rẹ̀ pọ̀, bí kò pọ̀. Kí òfin ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó dé Nàìjíríà ní 1935, lẹ́yìn ìwé tí C. F. Strickland kọ fún ìjọba ní 1934, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ti ń kó ara wọn jọ. Àwọn ará Agége ti dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tiwọn sílẹ̀ ní 1907. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa kò sùn.

Irú ẹgbẹ́ ti Rochdale yìí di púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń da ara wọn pọ̀ mọ́ ara wọn títí ó fi di ẹgbẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Co-operative Group, tí olú-ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Manchester. Ó ní ilé ìtajà káàkiri, ó ń bá wọn sìnkú, ó sì ní báńkì nígbà kan rí. Ní 2009, báńkì náà gba Britannia mọ́ra, ilé iṣẹ́ tí ó ń yá àwọn ènìyàn lówó ra ilé. Nínú owó tí Britannia ti yá síta, èyí tí kò ní padà wá mọ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò kúnnákúnná kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ní 2013 ni àṣírí tú: owó tí ó yẹ kí báńkì náà ní lọ́wọ́ fi bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn dín. Àdánù gbogbo ẹgbẹ́ náà fún ọdún yẹn tó bílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ pọ́n-ùn. Kí báńkì má baà wó, àwọn tí báńkì jẹ lówó ni wọ́n gbà á. Ìpín 30 nínú 100 péré ni ó ṣẹ́ kù fún ẹgbẹ́. Nígbà tí ó fi di 2017, èyí náà ti lọ.

Ta ló jí owó? Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Kì í ṣe olè ló kó o lọ. Àwọn méjì tí wọ́n pè láti wádìí, Sir Christopher Kelly àti Lord Myners, gbé ìwé wọn jáde ní 2014, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ìgbìmọ̀ kò ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Wọ́n tó nǹkan bí ogún ènìyàn nínú ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́ ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ dénú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti inú ìgbìmọ̀ àdúgbò gòkè dé ìgbìmọ̀ ẹkùn, títí wọ́n fi dé òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣàkóso òwò tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ bá gbé ìwé ìṣirò kalẹ̀, wọn kò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bi wọ́n. Alága báńkì náà fúnra rẹ̀, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Iṣẹ́ báńkì tí ó ti ṣe rí, ìgbà èwe rẹ̀ ni, fún ọdún díẹ̀.

Ní 2014 kan náà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, wọ́n yí òfin padà. Ìgbìmọ̀ di ènìyàn 11, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó mọ òwò ńlá, tí díẹ̀ sì wá láti àárín ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n sì yan àwọn aṣojú 100 láti máa ṣọ́ ìgbìmọ̀ náà. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Wọ́n ní wọ́n ń fẹ́ fi ọgbọ́n gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́gbẹ́. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí rí ohun tí wọ́n ń sọ. Bí a bá ní kí àjèjì wá máa bá wa ṣe é nítorí pé a ò mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ ta ni yóò jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Èyí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn jù ni pé kí àwa fúnra wa kọ́ ọ. Ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ bíi tiwa kò le ju ìwé gbèsè ìyá oníṣòwò lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má rò pé nítorí pé ẹgbẹ́ wa kéré, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ níbí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́, ẹni tí ó bá dun ni kí ó foríjì wá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wa fẹ́ yá owó. Ojú ìpàdé ni ó ti sọ ọ́, àwa tí a jókòó sì rẹ́rìn-ín pé, "Ọ̀kan nínú wa ni, kí la tún fẹ́ bi í?" Kò kọ fọ́ọ̀mù. Kò mú oníduúró wá. Akọ̀wé kò kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun yóò kọ ọ́ bí ó bá dé ilé. Akápò ka owó fún un. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni burúkú o. Ó ń mú owó wá díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù akápò, nígbà mìíràn ní ojú títì. Lójijì, àìsàn dé, kò pẹ́ ó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, a ní kí a wo ìwé. Ohun tí ìwé akápò sọ ni pé ìdá mẹ́ta owó náà péré ni ó ti san. Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí ó ń ta ata ní ọjà, sunkún, ó ní lójú òun ni ọkọ òun ṣe ń ka owó jáde ní alaalẹ́, pé ó ti san ju ààbọ̀ lọ. Rìsíìtì kò sí. A kò mọ ẹni tí ó ń parọ́, a sì gbàgbọ́ títí di òní pé kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn ń fi orí ka owó ni.

Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi ń ṣe ẹjọ́ yìí. Ní ìkẹyìn, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó gbé e, a kò pín èrè kankan lọ́dún náà. Akápò fi ipò sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ẹni tí ó ti ṣe é tọkàntọkàn fún ọdún méje. Ìyá aláta kò wá sí ìpàdé mọ́. A lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé omi fún wa, wọ́n ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n wọn kò padà wá.

Láti ìgbà náà ni a ti ní in lófin pé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ọmọ ìgbìmọ̀ bá délẹ̀, ẹni náà yóò dìde kúrò nínú ilé, yóò wà níta títí a ó fi sọ ọ́ tán. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ àti àwọn oníduúró rẹ̀ yóò pé bíi ti ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé yóò ka ohun tí ó kọ sókè kí ìpàdé tó tú ká. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba owó ẹgbẹ́ ní ojú títì, kódà bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó nà án sí i. Ó le láti sọ fún àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé e wá sí ọ́fíìsì." Ṣùgbọ́n ìtìjú ni a fi kó àrùn lọ́jọ́sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìwé ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń tòògbé. Bí akápò bá dìde, ibi tí ó bá ti ka èrè ni a máa ń pàtẹ́wọ́. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́ jẹ́ ₦3,000,000. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó yá owó jẹ́ ₦2,800,000. Èrè ọdún, nínú ìwé, jẹ́ ₦250,000. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ẹnì kan wá dìde, ó ní, "Nínú ₦2,800,000 yẹn, mélòó ni a kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà?" Wọ́n wo ìwé: ₦900,000. Bí ààbọ̀ rẹ̀ kò bá padà wá, ₦450,000 ti lọ nìyẹn. Ó ti jẹ gbogbo èrè tán, ó sì tún ti bu ₦200,000 jẹ nínú owó tí ẹ fi pamọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá pín èrè lọ́dún náà, owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni ó ń bù fún wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó tú u. Irú ìbéèrè yìí ni ìgbìmọ̀ kò bi tó ní Manchester lákòókò tí ó yẹ.

Ẹ tún béèrè iye tí ó wà ní báńkì, kí ẹ sì rí ìwé báńkì náà lójú, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ fún yín lẹ́nu.

Ní ti alága, a kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Alága tí ó bá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí ìpàdé nìyẹn, nítorí ta ni yóò fẹ́ já àgbà ní koro? Òun ni kí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ sì yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìgbìmọ̀: akọ̀wé tí a ń sanwó fún ni ó ń ta ọjà, tí ó ń kọ ìwé, ìgbìmọ̀ kì í dúró ní káúńtà bá a tà á. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, àwọn obìnrin ju ààbọ̀ lọ, àwọn ni wọ́n sì ń san owó wọn déédéé jù. Ẹ ka orúkọ ìgbìmọ̀ ọdún yìí, kí ẹ wò ó bóyá ẹ rí wọn níbẹ̀. Ìyá tí ó ń bójú tó gbèsè oníbàárà ogójì láìkọ ọ́ sílẹ̀, ṣé ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ ni yóò wá dẹ́rù bà á?

Fún ìjíròrò ní ìpàdé àdúgbò, kí ìpàdé ńlá tó dé: Ta ni nínú ìgbìmọ̀ wa tí ó lè ka ìwé ìṣirò láìsí akápò nítòsí? Ẹ̀yáwó mélòó ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ ìgbìmọ̀ lónìí, àwọn wo sì ni oníduúró wọn? Bí ẹ̀yin bá jẹ́ ìgbìmọ̀ lọ́dún tí ọ̀rọ̀ ìyá aláta ṣẹlẹ̀, kí ni ẹ̀ bá ṣe sí i? Ìwé ìṣirò ọdún tí ó kọjá wà ní ọ́fíìsì, akọ̀wé yóò ṣí i fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá béèrè, kò sì sí owó kankan tí ẹ ó san. Ẹ mú pásíbúùkù yín lọ́wọ́, kí ẹ lè fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín wé èyí tí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́.