Kọ́ìlì Kan Ló Kú, Má Ra Mẹ́rin

Adéwálé ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé Corolla 2005 rẹ ń gbọ̀n bí o bá dúró nínú gosílóò, pé kò lágbára mọ́ láti gun òkè, àti pé mẹkáníìkì ti ní kí o lọ mú owó kọ́ìlì mẹ́rin wá. Má tíì san kọ́bọ̀.

Wo iná ẹ́ńjìnnì tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ná. Bó bá kàn tàn sílẹ̀, o ṣì lè rọra wa ọkọ̀ dé ilé. Bó bá ń ṣẹ́jú, páàkì ẹ̀. Epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnnì ń gba ọ̀nà èéfín jáde ni, inú kátálíìsì ni yóò ti jó, ìyẹn á sì gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó kọ́ìlì rárá.

Bí wọ́n bá ti síkáànì ọkọ̀ náà, ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tó jáde hàn ọ́. P0301 dé P0304 ni yóò tọ́ka sí sílíńdà tó ń ṣe ségesège, èyí tó wà lọ́dọ̀ fánbẹ́líìtì sì ni 1. Ká ní P0302 ló jáde: ohun tó sọ ni pé sílíńdà kejì kò jó epo dáadáa. Kò sọ pé kọ́ìlì ló fà á. Ó lè jẹ́ pílọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ nọ́sùlù. Ibí yìí gan-an ni àwọn kan ti ń rí jẹ lára wa.

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí o sì ṣí ike tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Bóòtù kan ṣoṣo ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú, sípánà 10 ló ń tú u. Tó o bá fẹ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀, fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ooru ti sọ ike yẹn di gbígbẹ, ó sì ń kán wẹ́rẹ́. Má ṣe fa wáyà. Yí kọ́ìlì náà sọ́tùn-ún sósì kí o tó fà á sókè, kí rọ́bà ìdí rẹ̀ má baà já sínú ihò. Wá gbé ti 2 sí 3, kí o gbé ti 3 sí 2. Ní kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́, kí o wa ọkọ̀ náà kiri díẹ̀. Bí P0303 bá jáde, kọ́ìlì tó o gbé láti 2 ló kú. Bó bá jẹ́ P0302 náà ló padà wá, fi pílọ́ọ̀gì ṣe bákan náà.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fa kọ́ìlì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ èyí tó kú, dá a dúró. Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde lè lé ní 20,000 fóólítì, ó sì lè pa kọ́ìlì tó wà láàyè. Mítà pàápàá kò lè sọ òótọ́ fún ọ, nítorí ìgínáítà wà nínú kọ́ìlì ọkọ̀ rẹ, ìdí nìyẹn tí wáyà rẹ̀ fi jẹ́ mẹ́rin.

Kí o tó fi tuntun sí i, tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò pílọ́ọ̀gì. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù kọ́fà ti lọ, rọ́bà kọ́ìlì tuntun náà á sì tún jẹrà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Wo pílọ́ọ̀gì pẹ̀lú: 1.1 mm ló yẹ kí àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́. Bó bá ti jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ìlì ní láti sapá gidi kí iná tó fò ó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo máa ń pààrọ̀ pọ̀ ní ti pílọ́ọ̀gì. Ní ti kọ́ìlì, èyí tó kú nìkan. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, àwọn tó kù ò ní pẹ́ kú. Mo ti rí àwọn tó kù tó pẹ́ dáadáa.

Mú òkú kọ́ìlì náà dání lọ sí ọjà páàtì ní Gate. Denso ló ṣe èyí tó bá ọkọ̀ náà wá, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn wà lára ayédèrú rẹpẹtẹ. Tókúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì lójú mi tẹ́ mi lọ́rùn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú inú páálí lọ. Bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn pé wàá dá a padà bí kò bá ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ lásán ni kí o kọ́kọ́ fi yí pílọ́ọ̀gì wọlé kí sípánà tó kàn án. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, ìlà ihò tí pílọ́ọ̀gì ń yí wọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí o bá ti ra ọjà náà tán, pè mí lọ́jọ́ Sátidé.

Kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ