Ẹja Inú Ibú àti Ẹrù tí Ó Ń Rù

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ohun tí ó hàn sí wa àti ohun tí ó pamọ́ fún wa. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún yín àti fún ẹ̀mí ara mi pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọlọ́hun pè wá nínú Súrà Al-Ghāshiyah pé kí á wo bí a ṣe dá ràkúnmí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀dá mìíràn, èyí tí ojú wa kì í rí: ẹja tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ ibú òkun.

Ẹni tí ó bá ti mòòkùn rí mọ̀ pé bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ etí ẹni. Ní mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú òkun, ìwúwo tí ó ń tẹ̀ wá yóò fi ìwọ̀n kan pọ̀ sí i, ìwọ̀n náà sì tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa níhìn-ín. Bí a bá dé mítà 8,000, ó ti di ìlọ́po 800. Ní ojú ibi tí kò ju èékánná ọwọ́ lọ, ẹrù náà yóò tó kílò 800, èyí tíí ṣe àpò sìmẹ́ǹtì 16.

Ní ọdún 1960, Jacques Piccard àti Don Walsh wọ ọkọ̀ abẹ́ omi tí ń jẹ́ Trieste, wọ́n sì dé ìsàlẹ̀ kòtò Mariana nínú òkun Pàsífíìkì, tí jíjìn rẹ̀ súnmọ́ mítà 11,000. Inú yàrá irin roboto ni wọ́n jókòó sí, ògiri rẹ̀ sì nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Bí ọmọ ènìyàn ṣe lè dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nínú kòtò kan náà, ní nǹkan bí mítà 7,000 sí 8,000, ẹja kékeré kan ń gbé, tí àwọn onímọ̀ fún ní orúkọ Pseudoliparis swirei ní ọdún 2017. Kò ní ìpẹ́. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, egungun rẹ̀ rọ̀, agbárí rẹ̀ pàápàá kò padé tán. Kí ni ó wá ń dáàbò bò ó?

Èkíní, kò sí òfìfo nínú rẹ̀. Ẹ mú ìgò oníke tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì rì í sínú ibú: omi yóò rún un wómúwómú. Ẹ mú irú rẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀: omi ìta kò ní rí i rún bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja ni ó ní àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń léfòó. Ọlọ́hun kò fi í sínú ẹja yìí.

Èkejì, ìwúwo omi a máa fẹ́ ba àwọn purotéènì inú ara jẹ́, kí wọ́n má lè ṣe iṣẹ́ wọn. Ọlọ́hun fi èròjà kan sínú ẹran ara ẹja, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TMAO, èyí tí ń di purotéènì mú kí ó má yẹ̀. Bí ibùgbé ẹja bá ṣe jìn tó ni èròjà náà ṣe ń pọ̀ tó. Òun kan náà ni ó ń yí padà lẹ́yìn ikú ẹja tí ó fi ń mú òórùn tí a mọ̀ mọ́ ẹja òkun wá. Òórùn tí à ń sá fún lọ́jà, ara ohun tí ó gbé ẹja ró ni ó ti wá.

Ẹ̀kẹta, ìwúwo a máa mú ọ̀rá dì, gẹ́gẹ́ bí òtútù ọyẹ́ ti í mú epo pupa dì. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì ẹja yìí dà bí òróró tí kì í tètè dì, nítorí náà ni ara rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹja yìí kò fi líle ara gbé ẹrù rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sùúrù rí. Sùúrù kì í ṣe kí á le ojú koko, kí omijé má bọ́. Ànábì wa sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrāhīm kú. Sùúrù ni kí inú ẹni má ṣófo: kí ìrántí Ọlọ́hun, ìrun òru àti ìgbàgbọ́ nínú àyànmọ́ kún un kí ìnira tó dé. Ẹni tí ó dúró di ọjọ́ ìpọ́njú kí ó tó wá ohun tí yóò fi kún inú rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹja yìí náà ní ààlà. Ní ọdún 2022, ẹ̀rọ ayàwòrán rí ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀ ní mítà 8,336 nínú kòtò kan lẹ́bàá Japan. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé kò dájú pé ẹja kankan lè kọjá nǹkan bí mítà 8,400, nítorí pé bí èròjà tí ń gbà á là bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fa omi òkun wọ inú ara rẹ̀ ní àfajù. Ọlọ́hun mọ ìwọ̀n ẹ̀dá Rẹ̀. Ìparí Súrà Al-Baqarah sì kọ́ wa pé kì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀mí kan lọ lé e lórí.

Àmọ́ àwa ẹ̀dá a máa di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ara wa. Onílé ń di í lé ayálégbé, ọ̀gá ń di í lé òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oṣù gbà, ọkọ ń di í lé aya. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ fún wọn pé, “Ẹ ṣe sùúrù.” Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun! Má ṣe fi ọ̀rọ̀ sùúrù lé arákùnrin rẹ lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ lè bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìwọ tí ó sì mọ̀ pé o ti kan ààlà rẹ, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́. Sọ ọ́ fún Ìmáàmù, sọ ọ́ fún ará ilé rẹ. Wíwá ìrànlọ́wọ́ kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ìwọ tí O ń bọ́ ẹja nínú òkùnkùn ibú, fi ìgbàgbọ́ kún inú wa, gbé ẹrù tí ó wúwo kúrò lórí àwọn tí ó ń jìyà láàrin wa, má sì ṣe jẹ́ kí á di ẹrù ìnira sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Àmín.