Ìpẹtà àti Ìjánu Ọkọ̀

Ẹni tí ó gun ẹṣin tí kò fi ìjánu sí i lẹ́nu, ibi tí ó bá wu ẹṣin ni yóò gbé e dé. Ohun tí ìjánu jẹ́ fún ẹṣin ni bíréèkì jẹ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń mú ọkọ̀ sáré, ṣùgbọ́n bíréèkì ni a fi ń sọ fún un pé eré tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yin ọkọ̀ nítorí eré rẹ̀ àti ọ̀dà tí ń dán lára rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn táyà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn táyà náà ni ọ̀tá kan tí kì í pariwo máa ń lúgọ sí. Ọ̀tá náà ni ìpẹtà.

Bí a bá ń wá ibi tí iṣẹ́ ọ̀tá yìí ti hàn gbangba, kí a lọ sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìlú èbúté ni Àpápá. Láti ọdún 1926 ni àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀, a sì ṣí èbúté Tin Can Island ní ìtòsí rẹ̀ ní ọdún 1977. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò ń gbà wọ ilẹ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni a ń pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. Wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójú omi kí wọ́n tó dé. Àwọn mìíràn a sì tún wà nínú òjò àti atẹ́gùn òkun títí iṣẹ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè yóò fi parí. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ibẹ̀ ni ajé gúnlẹ̀ sí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí bíréèkì ti rí. Lẹ́yìn táyà iwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní ni àwo irin kan wà tí ó ń bá táyà yí. Dísìkì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Irin kan tí ó dàbí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ya ẹnu sí àwo yìí, páàdì méjì sì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Bí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì, páàdì méjèèjì yóò gbá àwo náà mú títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Frederick Lanchester, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1902, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀. Ní ọdún 1953, ọkọ̀ Jaguar tí ó ní bíréèkì aláwo ni ó gba ipò kìíní nínú eré ìje oníwákàtí 24 ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, gbogbo ayé sì rí agbára rẹ̀.

Irin tí a yọ́, tí a sì dà ní ìrísí àwo, ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ dísìkì. Irin náà lè fara da ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: bí omi àti afẹ́fẹ́ bá jùmọ̀ kàn án, yóò dípẹtà. Iyọ̀ a sì máa mú kí iṣẹ́ ibi náà yá kánkán. Ìdí nìyí tí irin etí òkun fi ń tètè bàjẹ́. A lè kun ara ọkọ̀ ní ọ̀dà kí omi má baà kàn án, ṣùgbọ́n a kò lè kun ojú àwo bíréèkì, nítorí ojú náà gan-an ni páàdì ń gbá mú. Ní ìhòòhò ni ó wà nínú òjò oṣù kẹfà àti nínú ọ̀rinrin Èkó.

Oríṣi ìpẹtà méjì ni ó wà lára àwo bíréèkì. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò náwó lásán, tàbí kí ó fi ẹ̀mí wewu. Èkíní ni ti òru kan. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ojú àwo yóò pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Bí awakọ̀ bá rọra wakọ̀, tí ó sì tẹ bíréèkì nígbà mélòó kan, páàdì yóò ha á kúrò, àwo yóò sì tún dán. Ó lè dún díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá torí èyí ra dísìkì tuntun ti sọ owó rẹ̀ sí kànga.

Èkejì ni ti ọkọ̀ tí ó ti dúró pẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ìpẹtà yìí a máa ṣí bí èépá, a sì máa gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sára irin. Bí a bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa gbọ̀n, ariwo líle yóò máa jáde, ọkọ̀ sì lè máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà mìíràn páàdì a lẹ̀ mọ́ àwo pátápátá. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan ní Ajégúnlẹ̀ tí ó fi owó èsúsú ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, kí ó lè máa fi gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ kan bọ́ táyà, ó rí i pé àwo ti pọ́n. Ó rántí pé bàbá rẹ̀ a máa fi epo pa àdá lára lóko kí ó má baà dípẹtà. Ó bu epo ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ fi pa àwo náà.

“Dúró!” ni ọ̀gá rẹ̀ kígbe. “Ta ni o fẹ́ pa?”

“Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ kí ó má dípẹtà mọ́ ni.”

“Àdá lè gé igi pẹ̀lú epo lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwo yìí ni kí páàdì gbá a mú. Ṣé ọwọ́ tí ó kún fún epo lè di ẹja àrọ̀ mú?”

Bí ọmọ náà bá ti ṣe bí ó ti rò ni, àwo ì bá dán, olówó ọkọ̀ ì bá sì yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kan bá sáré já sí títì ní Boundary ní ọjọ́ kejì, awakọ̀ ì bá tẹ bíréèkì títí, ọkọ̀ kì bá tí dúró. Ohun tí ó gba àdá là ni ì bá pa ọmọ ọlọ́mọ.

Kí wá ni ó yẹ ní ṣíṣe? Kí mẹkáníìkì fi wẹ́ẹ̀jì há àwọn táyà yòókù, kí ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó sì fi ohun tí ó lágbára tì í kí ó tó bọ́ táyà. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha etí àwo, kí ó sì fi sáńpépà ha ojú rẹ̀. Kí ó má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku rẹ̀, nítorí eruku páàdì mìíràn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́; aṣọ tútù ni kí ó fi nù ún. Lẹ́yìn náà kí ó wo ojú méjèèjì, kí ó sì wọn bí àwo ti nípọn tó. A ti fín ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín sí i sára ọ̀pọ̀ dísìkì. Bí ó bá ti dín, tàbí tí ó sán, tàbí tí ihò rẹ̀ jìn, kí a pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, pẹ̀lú páàdì tuntun. Dísìkì tuntun pàápàá sábà máa ń ní epo lára nítorí ìrìn àjò. Kí a fi oògùn ìfọ-bíréèkì fọ̀ ọ́ dáadáa kí a tó dè é.

Ẹni tí ó bá fọ ọkọ̀, kí ó wà á díẹ̀, kí ó sì tẹ bíréèkì kí omi ara àwo gbẹ kí ó tó gbé e sílẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ́, kí ó gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó fi wẹ́ẹ̀jì há táyà dípò bíréèkì ọwọ́, kí páàdì má baà lẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìpẹtà òru kan kì í pa ènìyàn. Èyí tí a fi ojú fò fún oṣù púpọ̀ ni ó ń pani. Ọlọ́gbọ́n kì í wo dídán ohun èlò nìkan. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe é ni ó kọ́kọ́ ń bèèrè.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
dípẹtà: dógùn-ún
ẹ̀mú: ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń mú irin gbígbóná
lúgọ: fara pamọ́ láti ṣe ibi

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fà á tí a kò fi lè kun ojú àwo bíréèkì ní ọ̀dà?
2. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oríṣi ìpẹtà méjèèjì.
3. Kí ni àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ náà, kí sì ni ó ṣì í lọ́nà?
4. Fi òwe “Àìtètè mólè, olè ń mólóko” kọ àròkọ kúkúrú kan.